Ikọ́ Ẹnu Ọ̀nà

Kò yẹ kí n jẹ́ kó wọ ẹ̀wù yẹn.

Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ látìgbà tó ti jáde ní yàrá, mo sì dákẹ́, mo ń ṣe bí ẹni pé bátìrì kámẹ́rà ni mò ń yẹ̀ wò. Ní báyìí Màmá ti ṣe tán nínú pálọ̀, wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán — èmi ni mo sì yà á, ọwọ́ èmi fúnra mi ló tẹ bọ́tìnì pupa — ó wá ku ti ìta. Ó ku ibi tí yóò ti rìn wá láti ẹnu géètì, tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò wúkọ́. Ibẹ̀ gan-an ni mi ò fẹ́ yà. Gbogbo ìyókù, ó dára, orin ẹ̀fẹ̀ ni, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ikọ́ yẹn...

Mò ń na ẹsẹ̀ kámẹ́rà sórí iyanrìn. Ọ̀kan ń rì. Mo fà á yọ, mo tún un gbé kalẹ̀, ó tún rì. Bí ilẹ̀ Gardnersville, àdúgbò wa ní Monrovia, ṣe rí nìyí, omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀ rárá. Òjò sì ti ń ṣú.

"Tiwa, you ready?" Victor ló ń pè láti ojú fèrèsé.

Mo gbé ọwọ́ sókè pé kó ní sùúrù. Kì í ṣe ẹsẹ̀ kámẹ́rà ló ń dá mi dúró. Èmi nìkan ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àbí kí n sọ fún wọn pé bátìrì ti tán? Irọ́ kékeré ni. A ó palẹ̀ mọ́, Màmá á fọ èédú tó fi ya irùnmú sí ètè, á bọ́ dàńṣíkí yẹn kúrò lára... Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ọ̀la, àwọn ẹlòmíràn ló ni kámẹ́rà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ̀ka wa ní ní yunifásítì, gbogbo wa là ń du ú. Fídíò tí bàbá kò ti dé, kí ni Victor fẹ́ fi ṣe? Bàbá tó dé ni gbogbo orin náà.

"Ol' Pa Na Reach", bàbá ti dé. Ohun tí àwa ọmọ Monrovia máa ń sọ síra wa nìyẹn nígbà tí bàbá bá ti wọ àdúgbò, tí eré sì ti parí. Kíláàsì kan náà ni èmi àti Victor, ṣùgbọ́n olórin ni gbogbo Gardnersville mọ̀ ọ́n sí. Ó kọ orin náà fún mi lábẹ́ igi lẹ́yìn kíláàsì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwọn ọmọ ń jó ní pálọ̀, wọ́n tan rédíò bàbá sókè, wọ́n ń bu ẹran nínú ìkòkò, lójijì ni wọ́n gbọ́ ikọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan gbé Bíbélì, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ń kà á. Ọ̀kan mú ìgbálẹ̀. Ọ̀kan dùbúlẹ̀ tòun ti bàtà, ó ń hanrun. Àwọn ọmọ kíláàsì wa, ọkùnrin onírùngbọ̀n, Princess pẹ̀lú ìdí ńlá rẹ̀ nínú yẹ̀rì ọmọ iléèwé — àwọn ló ń ṣe ọmọdé. Èmi ni mo ní kí a wá sí ilé wa. Èmi ni mo sọ pé ilẹ̀kùn wa dára, pé ó kọjú sí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ta ló rán mi níṣẹ́?

Jerome ló yẹ kó ṣe bàbá. Ká ní Jerome wá ni... Ó pè láàárọ̀. "Mehn, my body hot. I can't even stand." Ibà. Victor jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fọwọ́ lérí. Gbogbo wa yí i ká bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. Ibi tí Màmá ti ń se ewé pákí tí a ó fi jẹ ìrẹsì, a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé ìdáná:

"Èmi á ṣe é."

A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ni Màmá, òun ló ń ṣe ewúrẹ́ fún wọn ní ọjọ́ Ajé, tó ń ṣe erin ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo rò pé irú ìyẹn náà ni. Mo rò pé yóò wá ṣẹ́ẹ̀tì kan mú nínú èyí tí Ìtùnú fi sílẹ̀. Ìtùnú, ẹ̀gbọ́n mi, tó ti wà ní Accra báyìí. Ó nu ọwọ́ sára lápà tó ró mọ́ ìdí, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ díẹ̀.

Nígbà tó jáde, mo mọ dàńṣíkí náà kí n tó mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Aláwọ̀ ilẹ̀ ni. Iṣẹ́ ọnà funfun wà láyà rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti gbó. Mo ti gbé ojú mi sínú aṣọ yẹn rí. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lẹ́rẹ̀kẹ́, bí iṣẹ́ ọnà yẹn ṣe máa ń ha ènìyàn lára díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kó ilé yìí. Nígbà ogun tó kẹ́yìn, ní 2003, tí a sá lọ tí a tún padà, a kò bá nǹkan kan. Wọ́n ti ṣí páànù lórí ilé. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn lọ. Wọ́n kó àwòrán, wọn ò tilẹ̀ yọ ọ́ nínú férémù, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn, ohun tí mo fi ojú mi rí nìyẹn, pé kò sí ohunkóhun tó ṣẹ́ kù tó jẹ́ ti Bàbá. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn. Mo ti sọ ọ́ títí ó fi di ọ̀rọ̀ tí kò dun ẹnu mi mọ́. Níbo wá ni aṣọ yìí ti wà? Nínú ẹrù tó gbé sórí nígbà tí a ń sá? Ìrẹsì ni mo rò pé ó wà nínú ẹrù yẹn. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, inú ilé kan náà, yàrá kan náà nígbà mìíràn, aṣọ bàbá mi wà níbẹ̀, n kò sì mọ̀.

Ó gbé e síbẹ̀, kò fi hàn mí. Victor ló wá gbé e jáde fún. Fún ẹ̀fẹ̀.

Rárá... mi ò fẹ́ bínú. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Mo wo ojú ọ̀run. Ìmọ́lẹ̀ ṣì dára. Ìmọ́lẹ̀ tí ó máa ń wà kí òjò tó rọ̀, tí gbogbo nǹkan máa ń hàn kedere, tí ara ògiri máa ń rí bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún. Ohun tí olùkọ́ wa máa ń sọ pé kí a má fi ṣòfò nìyẹn.

Ohun tó dùn mí kì í ṣe aṣọ. Ká sọ òótọ́. Ohùn yẹn ni.

Nígbà tí a ń ya ti pálọ̀, ó wọlé, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Fìlà rẹ̀ ṣẹ́ sí òsì. Ó lọ tààrà síbi rédíò, ó yí i kodò, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ìka méjì kan bátìrì. Ó dúró. Ó tún fi kàn án bíi dókítà.

"Ó gbóná," ló wí. "Ta ló jẹ bátìrì mi?"

Victor ṣubú lulẹ̀. Princess tó yẹ kó máa ka Bíbélì fi Bíbélì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹni tó ń hanrun kò lè hanrun mọ́. "Ol' Ma, you kill us today." A tún un yà, a tún un yà. Gbogbo ìgbà tó bá ti sọ ọ́, ẹ̀rín. Èmi ni mi ò rẹ́rìn-ín. Torí pé mo ti wá ohùn yẹn tì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a. Mo máa ń dijú, màá pè é, "Bàbá", màá dúró kó dáhùn — ohùn Pásítọ̀ Oyèwùnmí ló máa ń dáhùn. Ohùn tó ń wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi, tó fẹ́ràn láti fa ọ̀rọ̀ gùn. Yorùbá ni òun náà, àgbàlagbà ọkùnrin ni, ohùn rẹ̀ ti wọlé jókòó sí àyè ohùn bàbá mi, n kò sì mọ ọjọ́ tó wọ ibẹ̀. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti ní, ó dára, ó ti lọ.

Ẹnu ìyá mi ló wá ti jáde. Ẹ̀rín ló sì bá a pàdé.

Báwo ni obìnrin ẹ̀yà Bassa ti ilẹ̀ yìí, tí wọ́n bí ní Buchanan, ṣe lè ní ohùn ọkùnrin ará Ìsẹ́yìn lọ́fun? Ó máa ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun ò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn kí òun tó gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá. Ọ̀dọ̀ Bàbá ló ti kọ́ ọ, láti orí "ẹ káàárọ̀" títí dé èébú. Nítorí náà Yorùbá tó ń sọ fún mi lójoojúmọ́, pé kí n gbé omi kaná, pé kí n má jókòó sójú atẹ́gùn... ti Bàbá ni. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo kàn rò pé bí Màmá ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹsẹ̀ kámẹ́rà ti dúró. Mo wá pákó kékeré kan fi sábẹ́ rẹ̀. Kò sí àwáwí mọ́.

Àwọn ará ìjọ ńkọ́? Wọ́n á rí fídíò yìí. Gbogbo ènìyàn á rí i, Victor yóò pín in kiri láti Waterside dé Clara Town, wọ́n á máa tà á lórí àwo fídíò lójú títì. Màmá tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú aṣọ ọkùnrin, nínú orin ayé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nígbà tí a wà nínú ilé ìdáná. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ti ro ti Pásítọ̀?" Ó ń wo inú dígí kékeré, ó ń tún irùnmú rẹ̀ ṣe. "Pásítọ̀ náà ní bàbá tirẹ̀," ló wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Á sọ gbólóhùn kan, á gbé ìdérí lé ìkòkò.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nípa Bàbá. Bí mo bá bi í léèrè, á ní, "Your Pa went to Waterside." Bẹ́ẹ̀ nìkan. Bí ẹni pé ó lọ ra iyọ̀.

Òótọ́ ni, ọjà Waterside ló lọ. Aṣọ lápà ló ń tà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí odò. Ìbọn ti dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ní òun fẹ́ lọ wo ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, bóyá ó ṣì wà ní títì. Ó ní kí a má ṣe jáde. Ó lọ. Kò sí ẹni tó wá sọ pé òun rí i. Kò sí ẹni tó wá sọ pé òun rí òkú rẹ̀. Kò sí sàréè, kò sí àìsùn, ìjọ kò kọrin fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ogun parí, tí iléèwé ṣí, Màmá wọ bàtà, ó lọ kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò rí omi lójú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mò ń ṣọ́ ojú rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ omi tó fẹ́ hó. Mi ò rí i.

Èmi àti Ìtùnú ńkọ́... A kò jó mọ́. Ìyẹn ni mo rántí. Ní ìrọ̀lẹ́, lákòókò tí ó máa ń dé, a máa ń jókòó sí pálọ̀ jẹ́ẹ́, ọwọ́ lórí itan, ilẹ̀ ti gbá, ìwé wà níwájú wa, kò dorí kodò. A ń dúró de ikọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé a rò pé bí kò bá sí ohunkóhun láti mú wa fún, yóò wọlé.

Ẹ̀rù rẹ̀ bà wá. Kí n má parọ́ fún ara mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà mí, ikọ́ yẹn ló sì kó gbogbo ẹ̀rù náà dání. Á dún lẹ́nu ọ̀nà, Ìtùnú á fò láti orí àga, màá pa rédíò. Lẹ́yìn náà ló máa wọlé, ojú rẹ̀ le, èjìká rẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà. Mi ò mọ bó ṣe máa ń rí kó tó di ìgbà yẹn. Báwo ni màá ṣe mọ̀? Inú ilé ni mo máa ń wà. Lójú tèmi, orí ikọ́ yẹn ni bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀.

"Tiwa."

"Mo ti ṣe tán." Mo ti sọ ọ́. Ó ti bọ́ lẹ́nu mi.

Wọ́n tan orin sínú ilé. Jẹnẹrétọ̀ ń bú, orin ń bú lé e lórí. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n ń jó, Princess ń pariwo bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Màmá ti wà lẹ́nu géètì. Mo tẹ bọ́tìnì. Mo mi orí sí i pé kó máa bọ̀.

Ó ń bọ̀.

Nínú gíláàsì kékeré kámẹ́rà yìí, kò ga ju àtàǹpàkò mi lọ. Ó ń gbé èjìká òsì sókè díẹ̀, bí ẹni tó ti ru ìdì aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ yẹn fún ìgbà pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rìn. Mo ti gbàgbé ìyẹn náà. Kò yára. Ó kọjá lára okùn aṣọ, ó tẹrí ba fún un. Ó dé orí àtẹ̀gùn. Ohun tí Victor sọ fún un ni pé: rìn, dúró, wúkọ́, wọlé.

Kò wúkọ́.

Ó dúró, ó na etí sí ilẹ̀kùn. Ṣé ó ti gbàgbé ni? Mo fẹ́ pè é... mi ò pè é. Orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń fetí sí wọn. Èjìká rẹ̀ mì. Mo rò pé ẹkún ni, ó ti dé, mo mọ̀ pé kò yẹ kó wọ ẹ̀wù yẹn, ìka mi ti wà lórí bọ́tìnì —

Kì í ṣe ẹkún.

Ó ń jó.

Ijó kékeré ni. Èjìká nìkan, lẹ́yìn náà ìgbáròkó, díẹ̀díẹ̀, ijó àgbà ọkùnrin tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Ó tẹ ètè pọ̀ kí ẹ̀rín má baà jáde. Ó na ọwọ́ òsì sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ náà dúró sínú afẹ́fẹ́, ó rọra dì í bí ẹni tó di nǹkan mú, bí ẹni tó ń sọ fún ẹnì kan pé kó ní sùúrù. Orin ń lọ. Ó dúró kí orin dé òpin ègbè. Ìgbà náà ló wá fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ojú náà sì le.

Ó wúkọ́.

Nínú ilé, àga ṣubú. Ẹsẹ̀ ń sáré. Ẹnì kan ní "Bible! Bible!" Ó gbọ́ ọ, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Kò wọlé. Ó tún wúkọ́, èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó ń mì í, ó ń mì í bí ẹni pé kò ṣeé ṣí. Kò sí ohun tó ṣe ilẹ̀kùn náà. Ó ń fún wọn láyè ni. Ó ń dúró kí gbogbo wọn rí ibi sá sí. Ó wá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé pẹ̀lú ojú líle yẹn, ojú tí mo mọ̀, ojú kan ṣoṣo tí mo mọ̀.

Mi ò tíì tẹ bọ́tìnì láti dá a dúró. Ilẹ̀kùn tó ti pa dé ni mò ń yà.

Ẹni tó fẹ́ mú ọmọ, ṣé yóò kọ́kọ́ wúkọ́ níta ni? Lẹ́ẹ̀mẹta? Báwo ni mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú láti kékeré, tí mi ò bi ara mi?

Wọ́n ti ń jáde. Victor ń pàtẹ́wọ́, ó rò pé Màmá ló hùmọ̀ rẹ̀. "Ol' Ma, that dance one, who teach you that?" Màmá ń tún fìlà ṣe. "Nobody teach me," ló wí. "That how the man was."

Ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo fi Yorùbá bi í, kí ó lè jẹ́ ti àwa méjì. "Màmá, báwo lẹ ṣe mọ ohun tó ń ṣe níta?"

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà kò ní orí.

"Báwo ni mo ṣe mọ̀ kẹ̀? Ṣebí àwa méjèèjì la jọ máa ń dúró." Irùnmú rẹ̀ ti para sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. "Tí mo bá ti iléèwé bọ̀, tó bá ti Waterside bọ̀, oríta la ti máa ń pàdé. Èmi á fẹ́ wọlé, iṣẹ́ ti rẹ̀ mí, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Á fọwọ́ dá mi dúró. Á ní, 'Béà, dúró ná, jẹ́ kí wọ́n jó èyí tán.'" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yin ò mọ̀. Ẹ ò lè mọ̀. Bí ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní bẹ̀rù rẹ̀ mọ́, ilé á sì bàjẹ́."

Béà. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ rí. Beatrice ni ní iléèwé, Sístà Beatrice ni ní ìjọ, Màmá ni nínú ilé.

Ó ti padà síbi tí Victor wà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀. Mo padà sẹ́yìn kámẹ́rà, mo ń ṣe bí ẹni tó ń nu ojú rẹ̀ mọ́.

Bátìrì inú omi. Ó kàn sọ sí mi lọ́kàn báyìí, mi ò mọ ibi tó ti wá. Èmi àti Ìtùnú kó bátìrì rédíò sínú ìkòkò omi mímu kí wọ́n lè tutù kó tó dé. Ó dé. Ó ṣí ẹ̀yìn rédíò, omi kán sí i lẹ́sẹ̀. Ó wo bátìrì, ó wò wá. Ó yí padà, ó jáde sí faranda. Màmá tẹ̀ lé e. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀, àwa sì kúnlẹ̀ nínú ilé, a ń gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n wọlé, ojú àwọn méjèèjì pọ́n. Mo rò pé wọ́n jà. Mo ti ń rò títí di òní pé wọ́n jà nítorí wa ní ọjọ́ yẹn... Ẹ̀rín ni. Wọ́n jáde lọ rẹ́rìn-ín.

Mélòó ló tún wà tí mi ò mọ̀? Ìgbà tó bá pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbọn bàtà. Ìgbà tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ níta tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí mo rò pé aládùúgbò ni. Inú ilé ni àwa ti ń jó, wọ́n dúró síta, ilẹ̀kùn nìkan ló wà láàárín wa. Wọ́n ń gbọ́ wa.

"One more, ya," Victor ń sọ. "Princess own foot show in the window. Rain coming, let's go quick-quick."

Màmá ti ń rìn lọ sẹ́nu géètì. Mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú dàńṣíkí tó gùn jù fún un. Ó ń rìn bí ara rẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ kan ń dùn ún, bí tíṣà tó ti dúró lójú pátákó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rìn nígbà tó bá ti iléèwé dé. Mo mọ ìró rẹ̀. Géètì á dún, màá gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí iyanrìn, lórí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn náà... kò ní sí nǹkan kan. Á dákẹ́. Á pẹ́ díẹ̀. Màá ké sí i láti inú ilé pé, "Màmá, ṣé kí n wá ṣí i?" Á ní, "I coming." Lẹ́yìn ìyẹn ló tó máa wọlé. Ojoojúmọ́. Mo máa ń rò pé kọ́kọ́rọ́ ló ń wá nínú báàgì.

Ilẹ̀kùn yìí kì í wà ní títì nígbà tí mo bá wà nílé.

Kò sí ìgbà tó wà ní títì. Kí ni yóò tún máa wá kọ́kọ́rọ́ fún?

Ó máa ń dúró. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí Ọlọ́run dá, nígbà tí mo rò pé kò ṣọ̀fọ̀, tí mò ń ṣọ́ ojú rẹ̀ nínú ilé bí ọlọ́pàá, ibi ìta yẹn ló ti ń dúró, níbi tí wọ́n ti jọ máa ń dúró. Òun nìkan. Ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń fọ abọ́, bí mo ṣe ń bá ara mi kọrin. Lẹ́yìn náà ló máa nu ojú, á wọlé, á ní kí n gbé omi kaná.

Ó ti dé ẹnu géètì, ó ti yí padà. Ó gbé èjìká òsì sókè. Nínú ilé, orin ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi, mo nù ún kúrò.

Mo wo inú gíláàsì. Àárín gbùngbùn ni mo fi ẹnu ọ̀nà sí tẹ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Victor yóò bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀gbẹ́ kan fi ṣófo. Kó bi mí. Mo tú ẹsẹ̀ kámẹ́rà, mo yí i díẹ̀ sí apá òsì rẹ̀, síbi tí ọwọ́ yẹn máa ń nà sí, títí àyè ẹnì kan fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.